Ẹ má tíì ra erùpẹ̀ dúdú

Ẹ kú oríire ilé tuntun. Ilé á tura o. Ẹ ní ẹ ò tíì mọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí ọgbà iwájú ilé yín rí, ẹ ṣì ń yà á sórí bébà, àmọ́ ẹ ò fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì ṣófo di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ wá ń béèrè irú òdòdó tẹ́ ẹ lè fi dí i fúngbà díẹ̀, àti bó ṣe yẹ kó fẹ̀ tó. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yẹn dáa. Ká ní èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kó dé ilé mi n'Ìbàdàn ni, ojú mi ì bá má rí ohun tó rí.

Òdòdó tí kì í lò ju àsìkò òjò kan lọ ni kẹ́ ẹ gbìn: zinnia, cosmos, marigold, balsam. Kóró ni wọ́n fi ń gbin gbogbo wọn. Tójò bá ti rọ̀ dáadáa, ẹ fọ́n ọn, ẹ bu erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó, ẹ fa èyí tó bá fún jù tu. Tó bá fi máa tó oṣù méjì, zinnia á ti máa tanná. Ìyẹn ò le rárá.

Ohun tó le ni ọ̀rọ̀ erùpẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra erùpẹ̀ dúdú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ iwájú ilé mi nígbà yẹn le bí àpáta. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n fi kún un, àwọn birikilà ti po símẹ́ńtì lé e lórí, típà sì ti gùn ún mọ́lẹ̀. Mo pe ọ̀gá kan tó ní òun kàwé nípa ọgbà. Kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò gbẹ́ ilẹ̀ wò, kò béèrè ibi tí àgbàrá ń gbà kọjá. Ó ní ilẹ̀ náà ti kú, àfi kí n ra erùpẹ̀ dúdú típà kan dà lé e, kí n sì gbin òdòdó ixora yí fẹ́ńsì po lójú ẹsẹ̀. Mo sanwó. Erùpẹ̀ náà dúdú minimini, inú mi dùn sí i.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí koríko kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, ọ̀pá tó ń gbé òdòdó rẹ̀ sì ní igun mẹ́ta téèyàn bá yí i lọ́wọ́. Mo fà á, ó já. Lọ́jọ́ mélòó kan, ó tún ti yọ. Mo wá gbẹ́ ìdí rẹ̀ wò: iṣu kéékèèké bí ọ̀fíó, dúdú, wọ́n so kọ́ra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo mú ọkọ́ tì í. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé téèyàn bá fọkọ́ ro ó, ṣe lèèyàn ń já ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, tí iṣu kọ̀ọ̀kan á sì dá hù láyè tirẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tú u ká gbogbo ọgbà.

Mo lọ bá òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí n tó bá a níjókòó. Kò wo koríko tí mo dì sínú ọ̀rá lọ fún un. Ó ní kí n lọ ra oògùn apakoríko. Mo fín in. Ewé kú, ixora tí oògùn náà ta sí kú, iṣu tó ń sùn nísàlẹ̀ ò kú. Òjò rọ̀, ó tún hù. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi ń jí láàárọ̀ kùtù, tí mo ń fi dígà wà á, tí mo ń fi asẹ́ sẹ́ erùpẹ̀ kí n lè ṣa iṣu rẹ̀ kúrò. Ixora tó kù, mo hú gbogbo rẹ̀ dànù, torí koríko náà ti wọ inú gbòǹgbò wọn.

Tẹ́ ẹ bá wá rí i pé ẹ gbọ́dọ̀ ra erùpẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba abọ́ kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ bomi rin ín, ẹ gbé e sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ á yọjú. Ẹni tí kò bá lè fún yín ní abọ́ kan, ẹ má rajà rẹ̀.

Ilẹ̀ pupa ò sì kú o. Ẹ fi dígà fọ́ ọ wọlé tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ ṣa símẹ́ńtì tó ti gan kúrò, ẹ wá po ewé jíjẹrà mọ́ ọn. Igi olódòdó yẹ́lò tó kún ẹ̀gbẹ́ títì wa, tí wọ́n ń pè ní tithonia, tí ewé rẹ̀ korò, ewé rẹ̀ máa ń tètè jẹrà, ó sì ń ta ilẹ̀ lọ́rẹ. Ẹ gé e kó tó so èso, ẹ má sì gbìn ín, torí á gba gbogbo ilẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ìgbẹ́ adìẹ tútù ńkọ́? Á jó kóró yín ni. Ẹ jẹ́ kó jẹrà fún oṣù bíi méjì ná.

Ẹ ò sọ bóyá ọmọ kékeré wà nílé. Tẹ́nikẹ́ni bá fẹ́ fún yín ní oleander olódòdó pupa rẹ́súrẹ́sú yẹn, ẹ má gbà á. Májèlé ni, látorí ewé dé òdòdó. Àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì kì í sọ ọ́.

Ẹ lè fi ṣọkọ dí àlàfo. Ẹ já díẹ̀ jẹ, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìyókù tanná. Àmọ́ tí wọ́n bá ti fín oògùn síbẹ̀ rí nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, ẹ má jẹ ẹ́ o. Ẹ bi birikilà yín dáadáa.

Ní ti bó ṣe máa fẹ̀ tó, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ti tó, kí ọwọ́ yín lè dé àárín rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ láàárín òun àti fẹ́ńsì, kẹ́ ẹ lè máa ráyè wọbẹ̀ tu koríko. Ẹ má gbẹ́ orí sókàwéè. Tójò bá sì ti dá, ẹ jáde lọ wo ibi tómi dúró sí láàárín àwọn òdòdó náà, kẹ́ ẹ sàmì sí i lórí bébà yín.