D-F-A kì í ṣe D major

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kíbọọ̀dù ni mò ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ń fo kíì funfun kan láàárín, mo tẹ C-E-G, ó dùn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ láti orí D, mo tẹ D-F-A, orin ìyìn wá di orin ọ̀fọ̀. Kí ló fà á? — Akẹ́kọ̀ọ́ dùùrù, Ọjà-Ọba, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Kíì funfun lẹ̀ ń kà, àlàfo ló yẹ kí ẹ kà. Láti kíì kan sí èyí tó kàn án gan-an, ìbáà ṣe funfun tàbí dúdú, ìṣísẹ̀ kan ni. C sí E jẹ́ 4, E sí G jẹ́ 3. Major nìyẹn, àkópọ̀ ohùn mẹ́ta tó ń dún bí ayọ̀: 4 ló ṣáájú, 3 tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n D sí F, 3 péré ni, F sí A wá jẹ́ 4. Minor lẹ tẹ̀, èyí tó ń dún bí ìbànújẹ́. Ẹ sún ìka àárín sórí kíì dúdú tó tẹ̀ lé F, ìyẹn F#, ó di D major.

Ẹ má ka kíì tí ẹ dúró lé mọ́ ọn o. Ẹni tó bá pe D fúnra rẹ̀ ní “ení”, orí D-F-G ló máa bá ara rẹ̀.

Irú àkópọ̀ méjì mìíràn tún wà: 3 àti 3 ni diminished, bíi B-D-F. 4 àti 4 ni augmented, C-E-G#. Augmented yìí kì í sábà wáyé nínú orin ìyìn. Seventh, tó ní ohùn mẹ́rin, lẹ máa lò jù ú lọ: ẹ fi 3 lé orí G-B-D, ẹ ó kan F. G7 nìyẹn, ó sì máa ń fa etí padà sí C.

Tí ẹ bá gbé D lọ sókè, F#-A-D, àlàfo á di 3 àti 5, síbẹ̀ D major náà ni. Ẹ dá D padà sísàlẹ̀ kí ẹ tó kà.