Pàtàkì jù lọ, fún ta?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Aláró ni mí ní Òṣogbo, onígẹdú sì ni bàbá àwọn ọmọ mi. Olùkọ́ fún ọmọ wa ọkùnrin ní àyọkà kan nípa Igbó Ọ̀ṣun, ó ní kó fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù lọ. Ibi tí wọ́n ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi, dẹ ìgbẹ́ tàbí pẹja nínú igbó náà ló fa ìlà sí, ni olùkọ́ bá fún un ní òdo. Ta ló jàre?
Ìyá Ìbejì, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú, Ìyá Ìbejì. Ìbéèrè méjì ni olùkọ́ lọ́ pọ̀ mọ́ra, nítorí ọ̀tọ̀ ni ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ fi yé wa, ọ̀tọ̀ ni ohun tó kan ẹni tó ń kà á. Nínú irú àyọkà bẹ́ẹ̀, wọn a máa sọ pé igbó náà tó hẹ́kítà 75, pé ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè lọ́dún 1965, àti pé UNESCO kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Kí n má purọ́, àwọn ọdún wọ̀nyẹn kì í dúró lọ́kàn èmi gan-an. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jẹ́ pé ayùn bàbá rẹ̀ ló ń sanwó ilé ìwé rẹ̀, báwo ni yóò ṣe ka ibi tí wọ́n ti ní kí a má gé igi, tí kò ní dúró?

Bó bá tún ń kàwé, ẹ jẹ́ kó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí etí ìwé pé “Èyí kàn mí nítorí pé”, kó sì parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá rí i parí, á jẹ́ pé ó kàn yà á lẹ́nu lásán ni.

Ní ti kókó òǹkọ̀wé, kó fi ìka bo gbólóhùn náà, kó ka ìyókù, kó wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ṣì dúró. Mo dán an wò lórí ìlà tó fà yìí: ìtàn Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn tó bá a jà kí wọ́n má baà pa igbó náà run ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ a kò ní mọ òfin tó jẹ́ kí igi ṣì wà lóòró títí dòní. Òdo ti pọ̀ jù. Ẹ fi sùúrù mú ìwé náà padà lọ bá olùkọ́, kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé.