Ṣé ká gé igi orí dáàmù àdúgbò wa?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Georgia la wà, ilé wa wà létí adágún omi kan tó jẹ́ ti àwa onílé, a máa ń pẹja níbẹ̀, àwọn ọmọ ń wa ọkọ̀ kékeré. Dáàmù ẹ̀ ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, igi sì ti hù bo ẹ̀yìn ẹ̀. Àwọn ọkùnrin àdúgbò fẹ́ gbé chainsaw ní Sátidé kí wọ́n gé gbogbo ẹ̀, kówó kọ́ńtírátọ̀ má bàa jáde. Ṣé kò séwu?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi dá wọn dúró ná. Lóòótọ́ kò yẹ kígi wà lórí dáàmù oníyẹ̀pẹ̀, atẹ́gùn lè hú u tigbòǹgbò tigbòǹgbò kó sì kó yẹ̀pẹ̀ dání, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gé igi ńlá tẹ́ ẹ fi kùkùté sílẹ̀, tí gbòǹgbò bá jẹrà tán ihò ló máa kù, omi á máa bá ihò yẹn jáde, bó ṣe ń jáde lá máa fọ yẹ̀pẹ̀ lọ. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ọmọdé, ẹ lè gé ìyẹn. Àwọn ńlá, kí ẹnjiníà dáàmù wò ó kọ́kọ́, wọ́n á hú kùkùté, wọ́n á da amọ̀ sí i, wọ́n á gún un mọ́lẹ̀ dáadáa, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ fa omi yẹn wálẹ̀ ná.

Omi tó ń sun ló ń bà mí lẹ́rù ju igi lọ. Ẹ lọ sísàlẹ̀ ẹ̀yìn dáàmù lọ́la, kì í ṣe apá ibi tómi wà o. Tí omi bá ń sun níbẹ̀, ẹ bu ú sínú ìgò tó mọ́ gaara kẹ́ ẹ gbé e sókè wò. Tó bá mọ́, ẹ gbé garawa sábẹ́ ẹ̀, ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tó fi kún sílẹ̀, ẹ tún padà wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá rú, tó ń gbé yẹ̀pẹ̀ bọ̀, ẹ pe 911 lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n kìlọ̀ fáwọn tó ń gbé nísàlẹ̀.

Ìpínlẹ̀ yín ti rí irú ẹ̀ rí. Dáàmù Kelly Barnes ní Toccoa, iná mànàmáná ni wọ́n ń fi omi ẹ̀ ṣe tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn 1957 ó wá ku ìgbafẹ́ nìkan. Òjò rọ̀ rọ̀ rọ̀, ó já lóru November 6, 1977, ó gba inú kọ́lẹ́ẹ̀jì Bíbélì kọjá, èèyàn 39 kú. Àwọn tó ṣèwádìí ò rí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè sọ pé òun nìkan ló fà á. Lọ́dún kejì ni Georgia ṣòfin dáàmù, torí náà ẹ pe Safe Dams Program, ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ yín tó ń bójú tó ààbò dáàmù, kẹ́ ẹ béèrè Category, ìyẹn ìpele ewu, tí tiyín wà, torí Category I ni èyí tó lè pa èèyàn tó bá já.

Ẹ tún wo ọ̀nà tí omi tó bá pọ̀ jù ń gbà jáde. Ẹ̀yin apẹja, mo mọ̀ yín, ẹ ti lè fi nẹ́ẹ̀tì dí i kẹ́ja má bàa lọ. Ní South Fork, Pennsylvania, kílọ́ọ̀bù àwọn olówó bí Andrew Carnegie àti Henry Clay Frick ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n tún gé orí dáàmù wálẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lè gbabẹ̀, páìpù tí wọn ì bá fi fa omi sì ti kúrò níbẹ̀ kó tó kàn wọ́n. Nígbà tójò dé ní May 31, 1889, pàǹtí há sí nẹ́ẹ̀tì ẹja, omi gba orí dáàmù, ó já, àwọn tó kú lé ní 2,200. Tí nẹ́ẹ̀tì bá wà ní tiyín, òun ni kí àwọn ọkùnrin yẹn lọ yọ ní Sátidé, kí chainsaw wà nílé.