Ẹ Bi Tíṣà: Odi Sípéènì Tó Wó Lẹ́nu Odò Chagres

Ìbéèrè: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Lóṣù tó kọjá, ọkọ̀ wọn dúró ní Colón ní ilẹ̀ Panama, ó sì fi fọ́tò odi kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Odi ọ̀hún ti wó, koríko ti hù lórí rẹ̀, àgbá ìbọn tó ti dípẹtà sì nà sílẹ̀ gbalaja. Ó ní Sípéènì ló kọ́ ọ, San Lorenzo ni wọ́n ń pè é. Kí ni wọ́n ń ṣọ́ nínú igbó yẹn? Kí ló dé tí àgbá wọn ò fi gbà wọ́n? *Ìyá ọlọ́kọ̀ òkun, Ọ̀fà*

Ìdáhùn: Ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ, màmá. Kì í ṣe igbó ni wọ́n ń ṣọ́, odò ni. Ẹ ní kó wo ìsàlẹ̀ òkè tó dúró lé: ibẹ̀ ni Odò Chagres ti ń wọ inú òkun. Láyé ọjọ́un, fàdákà tí Sípéènì ń wà ní Peru, ọkọ̀ ló ń gbé e dé ìlú Panama létí òkun Pàsífíìkì. Láti ibẹ̀, ìbaaka ló ń rù ú gba inú igbó kọjá sí etí òkun kejì. Ẹrù tó bá tóbi jù, wọ́n á kó o sínú ọkọ̀ ojú omi ní Cruces, ìlú kan létí Chagres, odò á sì gbé e wá sísàlẹ̀. Ẹni tó bá gba ẹnu odò yẹn, ọ̀nà Panama ti là fún un nìyẹn.

Ní oṣù kìíní ọdún 1671, àwọn ọmọ ogun Henry Morgan, ọmọ Wales tó ń fi ọkọ̀ òkun digunjalè, dé síbẹ̀. Àgbá kọjú sí òkun, àwọn wá gba orí ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ìjàkadì jẹ́ orò yín kò ní í yà yín lẹ́nu: ibi tí èèyàn ò kọjú sí ni wọ́n ti ń gbé e ṣánlẹ̀. Igi pọ̀ lára odi nígbà náà, imọ̀ ọ̀pẹ ló sì wà lórí àwọn ilé. Ọ̀kan nínú àwọn olè ọ̀hún kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé ọfà ba ẹnì kan nínú wọn, ó fà á yọ, ó we òwú mọ́ ọn, ó tì í bọ ẹnu ìbọn, ó yìn ín padà. Òwú gbiná, imọ̀ gbiná, ẹ̀tù bú gbàù. (Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń fi ìtàn yìí pa mọ́ fún, nígbà tí oorun bá ń kun kíláàsì.) Morgan gòkè odò, ó gba ìlú Panama, ìlú jóná. Bó ṣe ń padà lọ, ó wó San Lorenzo.

Èyí tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà rèé. Ògiri tí ọmọ yín yà ní fọ́tò, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò rí Morgan rí. Sípéènì tún odi kọ́. Ní 1739, Edward Vernon, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọkọ̀ ogun 6 gba Portobelo, ìlú ọjà fàdákà tó wà nítòsí. Ní 1740 ó fi àgbá fọ́ San Lorenzo. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ Sípéènì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà po lọ sí Peru, ọjà Portobelo sì tú. Ìgbà tó tú tán ni wọ́n wá fi òkúta mọ odi tó gbópọn, ní nǹkan bí 1760. Àgádágodo dé, ẹrù ti gba ọ̀nà mìíràn lọ.

Odò nìkan ni kò fẹ̀yìn tì. Chagres yìí kan náà ni wọ́n sé ní Gatún tó fi di adágún tí ọkọ̀ òkun ń gbà kọjá láti 1914. Omi tí ọmọ yín ń dúró dè ní Colón nìyẹn.

Tí wọ́n bá tún dúró síbẹ̀, kó wọ mọ́tò lọ sí Portobelo. Kó má wulẹ̀ pẹ́ nídìí àgbá. Ilé oníbodè tí wọ́n kọ́ ní 1630 ni kó wá lọ. Iṣẹ́ oníbodè wa àtijọ́ náà ni wọ́n ṣe níbẹ̀, fàdákà ló kàn pọ̀ ju iṣu àti epo lọ. UNESCO ti kọ orúkọ odi Portobelo àti San Lorenzo sínú ìwé ogún ayé láti 1980, wọ́n sì kà wọ́n mọ́ èyí tó wà nínú ewu ní 2012. Òjò ibẹ̀ kò láàánú.

Ìbéèrè: Tíṣà, mo gbọ́ pé àwọn adúláwọ̀ Portobelo ń ṣe eré kan tí wọ́n ń pè ní Congo. Ṣé ọmọ Yorùbá ni wọ́n? *Akẹ́kọ̀ọ́, Tankẹ, Ìlọrin*

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má fi agídí sọ wọ́n di ará ilé. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ni wọ́n ń jẹ́. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ni Sípéènì kó lẹ́rú lọ sí Panama, púpọ̀ sì sá wọ igbó. Bayano jẹ ọba lórí wọn ní àwọn ọdún 1550. Ní 1573, àwọn irú wọn ló mú Francis Drake, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń digunjalè lójú òkun, mọ ọ̀nà tó fi ja àwọn ìbaaka fàdákà lólè. Nínú eré Congo, wọ́n máa ń yí aṣọ sódì wọ̀, wọ́n ń yí èdè Sípéènì sódì sọ, èṣù inú eré ọ̀hún sì ni ọ̀gá tó ń na ẹrú. UNESCO kọ eré náà sínú ìwé tirẹ̀ ní 2018.

Bí o bá ń wá Yorùbá lábẹ́ Sípéènì, Cuba ni kó o kọjú sí. Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ogun tó tú Ọ̀yọ́ Ilé ká ló kó púpọ̀ nínú wọn dé etí òkun, a ò sì lè sọ pé ọwọ́ Ìlọrin tiwa yìí mọ́ nínú rẹ̀. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ kan rí, wọn ò bu ọbẹ̀ kejì fún mi.

Ìbéèrè: Ṣé irú ibi àtijọ́ bẹ́ẹ̀ wà nítòsí wa tí mo lè mú àwọn ọmọ lọ? *Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, Òmù-Àrán*

Ìdáhùn: Ẹ̀yin tí ẹ sún mọ́ Èsìẹ́! Ère òkúta ibẹ̀ lé ní 1,000, púpọ̀ nínú wọn ti kán lọ́rùn, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbẹ́ wọn dájú. Ilé tí wọ́n kó wọn sí, tó ṣí ní 1945, ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Ẹ tètè jáde nílé. Nígbà tí mo kó kíláàsì mi lọ kẹ́yìn, táyà bẹ́ mọ́ wa lábẹ́ ní Ìdọ̀fìán, ilẹ̀ ti fẹ́ẹ́ ṣú ká tó débẹ̀. Ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka ère, ó ka 214 kí wọ́n tó ní ká jáde. Ó ti di ìyá ọmọ méjì báyìí. Bó bá rí mi lọ́jà, èyí tó kù ló kọ́kọ́ máa ń bèèrè lọ́wọ́ mi.