Ta Ló Ń Pinnu Iṣẹ́ Tí Káńsù Máa Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ la bẹ káńsù fún sí ọjà wa ní Iléṣà, àmọ́ ẹnu ọ̀nà tuntun ni wọ́n kọ́ sí i. Báwo ni wọ́n ṣe ń yan iṣẹ́? (Ìyálọ́jà kan)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Òfin ló ṣáájú. Àfikún Kẹrin ìwé òfin 1999 to ọjà, ibùdókọ̀, ibojì, gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà ẹ̀bẹ̀ yín tọ́. (Ká ní títì ìjọba àpapọ̀ lẹ bẹ̀bẹ̀ fún ni, tí kì í ṣe iṣẹ́ káńsù, inú fáìlì ni lẹ́tà yẹn máa sùn.)

Owó ìtọ́jú ló sábà máa ń pa irú ìwé ẹ̀bẹ̀ yín. Kíkọ́lé rọrùn, omi, ọṣẹ àti ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ ni wàhálà. Ẹnu ọ̀nà ò béèrè ìkankan, ó sì gba orúkọ alága lára. Ẹ wá rí i?

Nítorí náà, ẹ tún un kọ. Ẹ sọ ẹni tó ni ilẹ̀, iye ìsọ̀ tó wà lọ́jà, ibi tí omi yóò ti wá, iye tí ẹ máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá lò ó, àti ẹni tí yóò tọ́jú owó náà. Ẹ fún káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín àti ẹ̀ka ìlera àyíká ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó ṣètò bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀. Lẹ́tà oṣù Kejìlá ti pẹ́ jù. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló wà ní Iléṣà, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn: ẹ rí i pé èyí tó ni ọjà yín lẹ kọ ọ́ sí, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín.