Ẹ Bi Mẹkáníìkì: Páìpù Omi Tó Dípẹtà Lábẹ́ Kámpà Dísẹ́ẹ̀lì

Ìbéèrè láti Birmingham: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kámpà (bọ́ọ̀sì tí èèyàn lè sùn, kó sì dáná nínú rẹ̀) Volkswagen T3 Westfalia ọdún 1986, ẹ́ńjìnnì túbò dísẹ́ẹ̀lì 1.6, tí èmi àti àwọn ọmọ fi ń lọ sí etí òkun nígbà ìsinmi. Ó ń jo omi, bí ìdajì lítà lọ́sẹ̀. Nígbà tí mo wo abẹ́ rẹ̀, páìpù irin méjèèjì tó ti ẹ̀yìn lọ sí iwájú ti dípẹtà, omi sì ń sun níbi tí irin ti dì wọ́n mọ́ ara ọkọ̀. Ẹnìkan ní kí n gé ibi tó jẹrà, kí n fi họ́ọ̀sì kúkúrú so ó. Ṣé ìyẹn tó? Bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ fúnra mi, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Kò tó. Họ́ọ̀sì tí ẹ bá fi so ó lè gbé yín dé ilé, àmọ́ ẹ má fi lọ sí etí òkun.

Ẹni tó bá ti wọ dánfó l'Ékòó rí ti mọ ara ọkọ̀ yìí, nítorí T3 pọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀sì tí wọ́n kùn ní yẹ́lò yẹn. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú sì ni rédíétọ̀ wà. Láti ìgbà tí Volkswagen ti gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó ń lo omi sínú rẹ̀ ní 1981 ni omi gbígbóná ti ń rin gbogbo gígùn ọkọ̀ lọ sí iwájú kó tó tutù padà wá. Páìpù ńlá méjì ló ń gbé e, ìta lábẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n sì wà, níbi tí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ta sí wọn lára.

Ìpẹtà tí ẹ rí kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà: abẹ́ irin tó di páìpù mú ni omi iyọ̀ ti máa ń dúró, àti ẹnu páìpù tí họ́ọ̀sì bò mọ́lẹ̀. Bí kúláǹtì, ìyẹn omi olóògùn tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, bá ti gbó, ó tún ń jẹ páìpù láti inú wá. Tí ẹ bá gé ibi kan, tí ẹ fi họ́ọ̀sì so ó, ẹ ti fi ẹnu méjì tuntun kún ibi tó lè jò, orí irin tó ti fẹ́lẹ́ ni ẹ sì ń fún kílípì mọ́. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Kí ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ páìpù oníke dúdú má tíì yọ̀. T3 tó jáde lẹ́yìn ní páìpù oníke, àmọ́ òrùka irin ló wà nínú ẹnu rẹ̀ tí kílípì ń fún mọ́. Irin yẹn ń dípẹtà, ó ń wú, yóò la ike náà tàbí kó yọ jáde lójijì nígbà tí omi bá gbóná. Ti irin máa ń sun omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó bẹ́. Ti ike lè tú gbogbo omi sílẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

*Ohun tí ẹ máa rà.* Páìpù irin tí kì í dípẹtà, ìyẹn stainless 304 tàbí 316, ni kí ẹ rà. Wọ́n ń tà á ní pàkì kan ní Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì. Ẹ sọ fún wọn pé ti dísẹ́ẹ̀lì ni ẹ fẹ́, kí ẹ sì sọ bóyá Syncro ni, ìyẹn èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù kò bá a mu ní ẹ̀yìn. Ẹ wo ẹnu páìpù náà kí ẹ tó sanwó: ó gbọ́dọ̀ ní ètè tó wú yíká tí kò ní jẹ́ kí họ́ọ̀sì yọ. Páìpù tí ẹnu rẹ̀ tẹ́jú, bó ti wù kó dán tó, ẹ dá a padà. Ẹ fi nǹkan wọ̀nyí kún un: họ́ọ̀sì mẹ́rin tó so páìpù mọ́ rédíétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, kílípì stainless mẹ́wàá, ọmọrí táńkì omi tuntun, tọ́mọ́sítáàtì (fáàfù tó ń ṣí ọ̀nà fún omi nígbà tó bá gbóná) àti òrùka rọ́bà rẹ̀, àti ìdìmú onírọ́bà tí yóò gbé páìpù náà. Rọ́bà yẹn ṣe pàtàkì, torí bí stainless bá fara kan irin ọkọ̀ nínú omi iyọ̀, irin ọkọ̀ ni yóò jẹrà.

Ní ti kúláǹtì, ọkọ̀ yìí ń gbà ju lítà 15 lọ. Ẹ ra lítà 10 tí a kò tíì fi omi là, kí ẹ sì fi lítà 10 omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò lù ú nínú ike mímọ́ kó tó di pé ẹ dà á. Omi ẹ̀rọ London àti àwọn ìlú kan káàkiri ibẹ̀ ní ẹfun púpọ̀. Ẹfun yẹn ló ń di funfun sínú rédíétọ̀.

*Yíyọ ti àtijọ́.* Ẹ ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀. Ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ ta epo tí ń tú bọ́ọ̀tì sí gbogbo ìdìmú. Púpọ̀ nínú wọn yóò ṣì kán, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ẹ gbé sílíńdà gáàsì ìdáná kúrò nínú kámpà náà. Ẹ gbé ọkọ̀ lé ìdúró irin, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti tutù pátápátá kí ẹ tó ṣí ọmọrí omi.

Ẹ tú omi náà sínú ike tó gba lítà 20, kí ẹ sì wọn iye tó jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn máa wúlò fún yín lọ́la. Kúláǹtì dùn lẹ́nu, májèlé sì ni; ajá tàbí ọmọdé tó bá lá a lè kú. Kò gbọ́dọ̀ wọ gọ́tà. Ẹ béèrè ní ibùdó àtúnlò ìdọ̀tí káńsù yín bóyá wọ́n ń gbà á.

Ẹ ya fọ́tò bí páìpù ṣe gba ibi kọ̀ọ̀kan kọjá kí ẹ tó tú ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ayùn irin gé páìpù àtijọ́ sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó lè jáde. Ẹ ò tún ní lò ó mọ́. Ẹ má lo ẹ̀rọ agéerin tó ń tú iná pẹ́pẹ́ nítòsí táńkì epo. Bí abẹ́ ọkọ̀ ṣe ṣófo yìí, ẹ ha ìpẹtà ara fíréèmù, ẹ fi ọ̀dà oní-zinc kùn ún. Irú àyè bẹ́ẹ̀ kì í tètè ṣí sílẹ̀ mọ́. Ẹ wo àwọn páìpù irin kékeré tó lọ síbi ẹ̀rọ amúlégbóná iwájú àti ti abẹ́ àga ẹ̀yìn pẹ̀lú. Ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n.

*Fífi tuntun sí i.* Ẹ gbé páìpù sípò, ẹ de àwọn ìdìmú ní ìwọ̀nba, ẹ má tíì fún wọn pa. Ẹ fi omi ọṣẹ pa inú họ́ọ̀sì kó lè yọ̀ wọlé. Ẹ má fi epo tàbí gírísì pa á, wọ́n ń mú kí rọ́bà rẹ̀ wú. Ẹ̀yìn ètè páìpù ni kílípì gbọ́dọ̀ jókòó sí, kò gbọ́dọ̀ wà lórí ètè náà. Ẹ fún un títí rọ́bà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀ láàárín ihò kílípì, kí ẹ dúró níbẹ̀. Nígbà tí ẹnu méjèèjì bá ti wọlé tán ni kí ẹ wá fún ìdìmú pa, kí páìpù sì jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà kan sí wáyà bíréèkì ọwọ́ àti ọ̀pá jíà.

*Yíyọ afẹ́fẹ́.* Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Páìpù kì í pa ẹ́ńjìnnì yìí. Afẹ́fẹ́ tó kù sínú páìpù ló ń pa á. Irin dúdú ni ara ẹ́ńjìnnì náà, alúmínímù ni orí rẹ̀. Bí omi kò bá dé orí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó dí àárín orí àti ara ẹ́ńjìnnì, á jó, orí náà á sì sán láàárín fáàfù sí fáàfù.

Ẹ gbé imú ọkọ̀ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 40, kí bọ́ọ̀tì kékeré tó wà lókè rédíétọ̀, lẹ́yìn gíríìlì, lè ga ju gbogbo páìpù lọ. Ẹ yí bọ́tìnì ooru sí gbígbóná tán, ẹ sì ṣí ti abẹ́ àga ẹ̀yìn pẹ̀lú. Ẹ tú bọ́ọ̀tì rédíétọ̀ yẹn díẹ̀, ẹ máa da kúláǹtì díẹ̀díẹ̀ sínú táńkì inú yàrá ẹ́ńjìnnì títí kò fi gbà mọ́. Kí ẹnìkan wá tan ẹ́ńjìnnì, kó di eré rẹ̀ mú ní ìyípo 2,000 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yin máa dà á lọ láìdáwọ́ dúró. Ẹni kẹta ló yẹ kó wà níwájú, torí bọ́ọ̀tì àti táńkì jìnnà síra. Lákọ̀ọ́kọ́, fọ́ọ̀mù ni yóò máa jáde. Ìgbà tí omi bá ń ṣàn láìní ìfófòó ni kí ó dè é. Ẹ kún táńkì dé ẹnu, ẹ dé e, kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì. Táńkì kejì, èyí tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ da tirẹ̀ sí àárín àmì méjèèjì.

Wàyí o, ẹ mú nọ́ńbà àná jáde. Bí lítà 15 bá jáde, tí 11 péré sì wọlé, lítà mẹ́rin afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ohun yòówù kí gééjì máa sọ. Gééjì ń parọ́ níbí yìí, nítorí ojú rẹ̀ wà nínú omi. Bí afẹ́fẹ́ bá yí i ká, yóò fi tútù hàn nígbà tí orí ẹ́ńjìnnì ń jó. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí fáànù yóò fi tàn, kí ẹ fọwọ́ kan páìpù méjèèjì lábẹ́: méjèèjì gbọ́dọ̀ gbóná. Nígbà tó bá tutù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tún kílípì fún díẹ̀, ẹ sì wo omi.

Ìbéèrè láti Dublin: Kúláǹtì aláwọ̀ ewé ló wà nínú tèmi, pupa ni ṣọ́ọ̀bù ní. Ṣé mo lè fi kún un?

Ìdáhùn: Ẹ má fi kún un. G11 (orúkọ irú kúláǹtì Volkswagen kan) ni T3 ń lò, àwọ̀ búlúù tàbí ewé. Pupa ti G12 àkọ́kọ́, bó bá pàdé G11, ẹrẹ̀ bí kókó ló ń dì, á sì di rédíétọ̀. G12+ àti G13 kò ní wàhálà yẹn, àmọ́ àwọ̀ nìkan kò sọ èyí tó jẹ́ fún yín. Ohun tí wọ́n kọ sára ike ni kí ẹ kà.

Ìbéèrè láti Ìbàdàn: Nílé níbí, kò sí òtútù dídì. Kí ni kúláǹtì fẹ́ ṣe fún wa? Omi ẹ̀rọ ni mo ń dà.

Ìdáhùn: Ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn tí kì í jẹ́ kí irin àti alúmínímù jẹrà ni ẹ ń sanwó fún. Ó sì tún ń sún híhó omi síwájú: ìdajì-ìdajì kúláǹtì àti omi ń hó ní bíi 107°C nínú ohun tí a kò dé, omi lásán ní 100°C. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ lásán, inú páìpù ọkọ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kò sí owó fún ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́ta dára ju òfo lọ.

Ìbéèrè láti Leeds: Mo pààrọ̀ páìpù tán. Afẹ́fẹ́ tútù ni ẹ̀rọ amúlégbóná ń fẹ́, họ́ọ̀sì sì le bí igi. Ṣé páìpù ni?

Ìdáhùn: Ohun méjì ni, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Afẹ́fẹ́ tútù nìkan túmọ̀ sí pé ẹ kò tíì yọ afẹ́fẹ́ inú páìpù tán. Ẹ tún gbé imú ọkọ̀ sókè. Ti họ́ọ̀sì tó le: ẹ tan ẹ́ńjìnnì ní òwúrọ̀ tó tutù pátápátá, ẹ fọwọ́ di họ́ọ̀sì òkè mú. Bó bá le láàárín ìṣẹ́jú kan, kí omi tó gbóná, èéfín iná ẹ́ńjìnnì ló ń wọ inú omi, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Ẹ ra oògùn aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń dán an wò lẹ́nu táńkì, èyí tó wà fún dísẹ́ẹ̀lì; bí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà, ẹ má wà á mọ́ títí ẹ ó fi tú orí ẹ́ńjìnnì náà.