Àánú Nìkan Kò Kọ́ Adití Níwèé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 29 ni mí, mo sì ní NCE nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé. Láti kékeré ni àánú àwọn ọmọ abirùn ti máa ń ṣe mí. Bí mo bá ti rí wọn, omi á lé sí mi lójú. Mo fẹ́ di olùkọ́ wọn. Mo ti ṣe kọ́ọ̀sì ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà kan lórí WhatsApp, wọ́n sì fún mi ní sátífíkéètì. Iléèwé aládàáni kan ládùúgbò wa ti ṣe tán láti gbà mí síṣẹ́. Ṣé dandan ni kí n tún lọ fi ọdún mẹ́rin jókòó sí yunifásítì? Àwọn kan ní ìfẹ́ àti sùúrù ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, pé kò fẹ́ ìwé. Ìyá ọkọ mi náà ń bẹ̀rù pé bí mo bá lóyún nídìí iṣẹ́ yìí, mo lè bí irú wọn. (Arábìnrin kan láti Òṣogbo)

Ìdáhùn: Irú ìbéèrè yìí tó mẹ́rin tó ti dé ọwọ́ mi lóṣù yìí nìkan. Ẹ jẹ́ kí n tètè dáhùn èyí tó rọrùn, ká lè ráyè fún èyí tó ń dùn mí lọ́kàn.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ kàwé nínú ẹ̀kọ́ àkànṣe (Special Education). Kì í sì í ṣe ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá ní NCE lè gba ọ̀nà Direct Entry ti JAMB wọlé sí ìpele kejì, ọdún mẹ́ta ló máa lò níbẹ̀ bí ìyanṣẹ́lódì kò bá dá sí i.

Ní báyìí, ẹ kọ ọ́ síwèé pé àánú wọn ń ṣe yín, omi sì ń lé sí yín lójú. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́, wọ́n gbé mi lọ sí iléèwé kan tí wọ́n ti da àwọn ọmọ adití pọ̀ mọ́ àwọn tó ń gbọ́ràn. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 12, ní kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nóòtù rẹ̀ ló mọ́ jù ní kíláàsì. Lẹ́tà rẹ̀ ń dán, kò sí ibi tó ti fagi lé ọ̀rọ̀, ojoojúmọ́ ló ń fa ìlà pupa sábẹ́ déètì. Àwọn olùkọ́ a máa na nóòtù yẹn sókè láti fi bá àwọn ọmọ yòókù wí. Lọ́jọ́ kẹta tí mo débẹ̀, mo kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan péré sójú pátákó, ohun tó sọ ni pé, “Dìde kí o lọ ti ìlẹ̀kùn.” Ìlẹ̀kùn wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu, eruku ń wọlé. Ọmọ náà mú bírò, ó da gbólóhùn náà kọ, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó gbé nóòtù wá bá mi. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń retí kí n máàkì rẹ̀. Ìlẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Láti ọdún márùn-ún, àwòrán ni ọmọ yẹn ń yà. Kò mọ ìtumọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo ohun tó kọ.

Ṣé olùkọ́ rẹ̀ burú ni? Rárá o. Obìnrin náà láàánú jù mí lọ. Ó ń ra àkàrà fún un lásìkò ìsinmi, ìborùn rẹ̀ ló fi ń nu imú rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ọmọ kankan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ìdánwò bá dé, ó kàn ń fún un ní máàkì kó lè gòkè pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ yìí. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ìyà tó ń jẹ ẹ́ ti tó o.” Àánú ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Àánú yẹn náà ló sì gba ọdún márùn-ún lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àwa Yorùbá ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ta ló sọ fún wa pé adití kò sí lára ọmọ tí òwe yẹn ń bá wí?

Ẹni tí a bá ń káàánú, a kì í retí nǹkan kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ akàndá ẹ̀dá gbọ́dọ̀ máa retí nǹkan, kó sì mọ ọ̀nà tí ọmọ máa gbà débẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì.

Ẹ wo nǹkan kékeré yìí. Ọmọ ọdún 9 kan wà tí ọpọlọ rẹ̀ ń lọ́ra, kò lè de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀. Aláàánú á máa bá a dè é títí ọmọ á fi gbó. Onísùúrù á ní “máa wò mí,” á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ á ṣì í, á tún ṣì í, á bú sẹ́kún. Ìparí ni ẹni tó kọ́ṣẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀. Á kọ́kọ́ tú iṣẹ́ náà palẹ̀: kí ìka méjì mú etí bọ́tìnì, kí ọwọ́ kejì la ojú ihò, kí bọ́tìnì wọlé dé ìdajì, kí a fà á yọ lódì kejì. Òun fúnra rẹ̀ á ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́, á wá fi fífà yẹn nìkan sílẹ̀ fún ọmọ. Ọmọ á fà á, bọ́tìnì á yọ, iṣẹ́ á sì parí sí ọmọ lọ́wọ́. Ẹ ò rí bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí! Tí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lára, a ó fi méjì tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún un, lẹ́yìn náà mẹ́ta. Ojoojúmọ́ la ń kọ ọ́ sílẹ̀, iye ìgbà tó dá a ṣe àti iye ìgbà tí a ràn án lọ́wọ́. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè gba táàmù kan. Kò sí ẹni tí sùúrù nìkan máa sọ fún pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Tàbí kẹ̀, ẹ mú ọ̀rọ̀ afọ́jú. Ìkọ̀wé tí wọ́n ń fọwọ́ kà, Louis Braille ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bí ní 1809, tí òun náà fọ́jú láti kékeré, ló gbé e kalẹ̀. Àmì tótó mẹ́fà ni gbogbo lẹ́tà dá lé. Bí a bá ń fi síléètì àti irin ṣóńṣó gún un, láti ọ̀tún lọ sí òsì la ń kọ ọ́, kó lè jẹ́ pé bí a bá dojú ìwé náà dé, láti òsì lọ sí ọ̀tún ni ìka á máa kà á. Gbogbo lẹ́tà ló ń yí sódì lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ sunkún lórí rẹ̀ ní ọdún kìn-ín-ní. Ní ọdún kẹta, ó ti ń fi máàkì ìwé àwọn ọmọ. Ọwọ́ ló ń kọ́ nǹkan yìí, ojú fóònù kò lè kọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè ọwọ́ àwọn adití. Ẹ dákun, ẹ yé pè wọ́n ní odi. Ohùn wà lọ́fun ọ̀pọ̀ nínú wọn, etí ni kò gbé ọ̀rọ̀ wọlé. Ọmọkùnrin onínóòtù mímọ́ yẹn, ọwọ́ la fi bẹ̀rẹ̀. A fi ọwọ́ pe omi, a gbé omi. A fi ọwọ́ pe ìlẹ̀kùn, a lọ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó kọ ọ́ sójú pátákó. Táàmù kejì ń parí lọ kí ó tó ka gbólóhùn kan tí mo kọ, kó sì dìde lọ ti ìlẹ̀kùn láìjẹ́ pé mo nàka sí i.

Àwọn tó ń bá mi jiyàn a máa dárúkọ Andrew Foster, pé ìfẹ́ Ọlọ́run ló gbé e wá, kì í ṣe ìwé. Lóòótọ́ ni ìfẹ́ gbé e wá. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, àrùn yírùnyírùn (meningitis) ló sọ ọ́ di adití ní ọmọ ọdún 11. Ó dá iléèwé adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, lẹ́yìn náà ní Ìbàdàn àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Òun ló fà á tí èdè ọwọ́ tí àwọn adití wa ń sọ ní iléèwé fi jọ ti Amẹ́ríkà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó wọkọ̀ wá, ó ti gba dìgírì ní Gallaudet, iléèwé gíga àwọn adití ní Amẹ́ríkà, ní 1954, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ó sì tún gba másítà nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ lé e. Ẹni tí Ọlọ́run pè gan-an lọ kọ́ṣẹ́.

Èyí ni mo fi ń bínú sí àwọn oníkọ́ọ̀sì ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà wọ̀nyí. Ìyá kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi, ọmọ ọdún 4. Ó ti fi oṣù mẹ́jọ sanwó fún ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní tẹ́rápíìsì, tó sọ fún un pé autism ló ń ṣe ọmọ, ìyẹn ni pé bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń gba ọ̀rọ̀ àti ìbáṣepọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì. Mo dúró sẹ́yìn ọmọ náà, mo fi ṣíbí lu ìdérí ìkòkò. Kò mira. Ìgbà tó rí òjìji mi lára ògiri ló tó yíjú, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ní oṣù mẹ́jọ, kò sí ẹni tó yẹ etí ọmọ yìí wò! Ilé ìwòsàn ni mo rán wọn lọ, ẹ̀rọ ló sì fi hàn pé kò gbọ́ràn. (Ẹ má torí pé mo sọ èyí máa lu ìkòkò lẹ́yìn ọmọ yín kí ẹ sì fọkàn balẹ̀ bó bá yíjú. Ìyẹn kì í ṣe àyẹ̀wò. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yẹ etí wò.) Sátífíkéètì yín kò burú tó bá la ojú yín sí nǹkan. Àmọ́ kò sọ yín di olùkọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, kò sì fún yín láṣẹ láti sọ ohun tó ń ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín, ẹ sì fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn. Iṣẹ́ yìí kì í ran oyún. Èmi bí ọmọ méjì nídìí rẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ohun tó ń fa nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n ti mọ̀: ọmọ tí kò tètè mí nígbà tí wọ́n bí i, yírùnyírùn, èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, àti ibà pọ́njú ọmọ tuntun (jaundice) tí a kò tètè tọ́jú. Bí ìyá bá ń wá ohun tí wọ́n máa bẹ̀rù, kí wọ́n bẹ̀rù káńfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ jòjòló. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gba òórùn rẹ̀ rárá; ẹ̀jẹ̀ wọn á máa fọ́, ojú wọn á pọ́n bí ìyeyè, bí ó bá sì pọ̀ jù, ó lè ba ọpọlọ àti etí wọn jẹ́ títí ayé. Mo ti kọ́ ọmọ tí ibà pọ́njú ṣe báyìí, ju ẹyọ kan lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ní kí ẹ bi dókítà kí ẹ tó lóyún ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rubella, àrùn kan tó jọ èéyi. Ó léwu fún oyún, ààrin ọmọdé ló sì máa ń jà, yálà ọmọ náà jẹ́ akàndá tàbí kò jẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní ti Jos náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ láti 1977, tí gbogbo wa mọ̀ sí FCE Special, ń kọ́ni ní NCE nínú rẹ̀. Ẹ máa ní láti yan irú ọmọ tí ẹ fẹ́ kọ́, adití ni o, afọ́jú ni o, tàbí àwọn tí ọpọlọ wọn ń lọ́ra. Ẹ má ṣe yan èyí tí wọ́n ní ó rọrùn, kò sí èyí tó rọrùn. Ìlànà ìgbàwọlé máa ń yí padà, nítorí náà ẹ wo bírọ́ṣọ̀ JAMB ti ọdún tí ẹ ń wọlé gan-an, kí ẹ sì béèrè ní ẹ̀ka náà bóyá wọ́n ń gba NCE ọrọ̀ ajé. Èmi kò ṣèlérí pé wọ́n máa gbà yín. Bí ẹ kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú NCE tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ti pẹ́.

Ní ti iléèwé tó fẹ́ gbà yín, ẹ lè lọ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn nípa sátífíkéètì náà, kí ẹ sì bi wọ́n pé ta ni olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ tí ẹ máa wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ má ṣe gbà á. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ níbẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa nàka sí.

Kí ẹ tó náwó sí fọ́ọ̀mù, ẹ lọ tọrọ àyè ní iléèwé àwọn adití tàbí afọ́jú kan, kí ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí omi bá ṣì ń lé sí yín lójú lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí inú bá ti ń bí yín pé kí ló dé tí wọn kò fún ọmọ tó wà ní igun lọ́hùn-ún ní iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ lọ ra fọ́ọ̀mù náà.